Àpótí Ojú Òsì

Pátákó náà kúrò lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n àpótí méjì kò bá a lọ. Wọ́n dúró gbagidi síbi tí wọ́n wà, nọ́ńbà oníbàárà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ṣì wà nínú wọn, bí àlejò tí kò mọ̀ pé onílé ti dágbére.

Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà náà fi eyín gé ètè. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Kíámọ́sá ni wọ́n ń pè é nílé ìwé, nítorí kò sí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún kíláàsì tí òun kì í kọ́kọ́ parí. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣì ń wá bírò, òun á ti nawọ́ sókè pé òun ti ṣe tán. Orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń nu ẹ̀rọ tó fi ń wọn ojú. Obìnrin náà ló ni ṣọ́ọ̀bù awò ojú yìí: yàrá iwájú tí awò kún ara ògiri rẹ̀ láti òkè délẹ̀, yàrá kékeré tó ṣókùnkùn tí wọ́n ti ń wọn ojú, àti yàrá ẹ̀yìn tí ẹ̀rọ ìlọ-dígí ti ń kùn láti àárọ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan?" Àǹtí bi í.

"Kò sí nǹkan, mà."

Nǹkan wà.

Iṣẹ́ ìdánwò ni ètò tó kọ sínú kọ̀ǹpútà náà. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà ti pín fọ́ọ̀mù fún gbogbo kíláàsì. Olúkúlùkù yóò kọ ètò kan tí ẹnì kan yóò fi ṣiṣẹ́ gidi fún ọjọ́ mẹ́wàá, láìka Ọjọ́ Àìkú. Ẹni náà yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé ètò náà ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, fọ́ọ̀mù yóò sì wọlé ní Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹni tó bá tú ìpìlẹ̀ ètò rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti ọ̀kan. Ẹni tí kò bá sì mú fọ́ọ̀mù wá kò ní bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí ìdánwò àṣejáde.

Ètò Kíámọ́sá rọrùn láti lò. Bí Àǹtí bá ti wọn ojú oníbàárà tán, yóò ṣí pátákó kan lójú kọ̀ǹpútà, yóò tẹ orúkọ ẹni náà, nọ́ńbà ojú ọ̀tún àti nọ́ńbà ojú òsì, àpótí méjì fún ojú kọ̀ọ̀kan, yóò fi í pamọ́, yóò sì ti pátákó náà. Bàbá Onídígí, tó ń lọ dígí ní yàrá ẹ̀yìn, yóò ka nọ́ńbà náà lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, yóò sì lọ dígí tó bá a mu.

Ohun àkọ́kọ́ tí Tíṣà kọ́ wọn nípa irú ètò bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà tó gbọ́dọ̀ dá wà.

"Fèrèsé ńlá ni òbí gbogbo wọn," ni ó wí lọ́jọ́ náà. "Pátákó inú fèrèsé, ọmọ fèrèsé ni. Bọ́tìnnì àti àpótí tó wà lórí pátákó, ọmọ pátákó ni wọ́n. Bí òbí bá sún, ọmọ á bá a sún. Bí ẹ bá pa òbí rẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ á bá a lọ, ẹ ò ní máa wá wọn kiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, kí ẹ tó dá ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, ọmọ ta ni?"

Ẹnì kan nawọ́ lẹ́yìn. "Sà, bí mo bá wá pa fèrèsé ńlá rẹ́ ńkọ́?"

"Ìdílé run tòbí-tọmọ nìyẹn. Fi iṣẹ́ rẹ pamọ́ kí o tó dán an wò."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Kíámọ́sá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ń kọ ètò tirẹ̀, kò béèrè ọmọ ta ni. Àpótí ojú òsì kò jókòó dáadáa lórí pátákó. Bó bá ti gbé e síbẹ̀, á ti ti ojú ọ̀tún kúrò láàyè rẹ̀. Ó yẹ kó mú ìwé, kó ya àwòrán pátákó náà, kó sì tún un tò. Kò ní sùúrù ìyẹn. Ó sọ àpótí ojú òsì méjèèjì di ọmọ fèrèsé ńlá, ó wá kàn wọ́n mọ́ ibi tí pátákó máa ń wà gan-an. Ẹni tó bá wò ó kò lè mọ̀ pé ọmọ ilé kejì ló jókòó láàárín àwọn ọmọ ilé.

Ọjọ́ Ajé ni Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì, ni Kíámọ́sá rí ohun tó rí yìí. Bí pátákó bá ti kú, gbogbo ọmọ rẹ̀ á bá a lọ, àfi ojú òsì. Nọ́ńbà oníbàárà àná á sì máa dúró de oníbàárà òní.

Ó ṣírò ọjọ́ lórí ìka. Bó bá tú u, tó tún un tò, tó sì bẹ̀rẹ̀ láti Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá yóò bọ́ sí Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ kejì. Ọjọ́ kan péré ni yóò fi pẹ́. Ọjọ́ kan yẹn náà sì ti tó.

Ó jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un. Onímọ̀ràn ni wọ́n ń pe ìyẹn ní kíláàsì, torí ó máa ń dámọ̀ràn fún ẹni tí kò béèrè.

"Ṣé torí nọ́ńbà yẹn lo ṣe ń mí bí ẹni tó sáré?" Onímọ̀ràn wí. "Bò ó. Fún nọ́ńbà náà ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú àpótí, funfun lórí funfun. Ta ló máa rí i? Bí Àǹtí rẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ tuntun, jẹ́ kí ti tẹ́lẹ̀ pa rẹ́, kí tuntun jáde ní dúdú."

"Ṣùgbọ́n ti tẹ́lẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ títí á fi tẹ tuntun."

"Ìwọ náà! Gbogbo ẹni tó ń bọ̀ níbẹ̀ ṣebí ojú méjì ló ní. Á tẹ ọ̀tún, á tẹ òsì, ó parí. Àbí olójú kan ń bọ̀ wá ra àbọ̀ awò ni?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ogún ìṣẹ́jú kò pé tí Kíámọ́sá fi bò ó. Kò fọwọ́ kan ìpìlẹ̀, nítorí náà kíka ọjọ́ kò yí padà. Àyè kan wà lórí fọ́ọ̀mù náà tí wọ́n kọ "Àléébù tí a rí" sí. Ó mú bírò, ó kọ "Kò sí" síbẹ̀.

Ètò náà ń ṣiṣẹ́ lọ geerege. Àǹtí ṣì ń kọ nọ́ńbà sórí ìwé pélébé nínú yàrá òkùnkùn kó tó jáde wá tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà á sọ ìwé náà sínú páálí abẹ́ tábìlì. Bàbá Onídígí sì ń ráhùn.

"Látìgbà tí kọ̀ǹpútà yìí ti dé," ni ó wí, "wọn ò fún mi níwèé mọ́. Kí ni kí n máa fi nu ọwọ́?"

"Ẹ fi aṣọ nù ún bí ọmọlúàbí," Àǹtí dá a lóhùn.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì ni ọjọ́ kẹwàá. Kíámọ́sá ti ilé ìwé dé, fọ́ọ̀mù wà nínú báàgì rẹ̀, nígbà tí káfíńtà kan wọlé tòun ti báńdéèjì lórí àtàǹpàkò.

"Ẹ káàsán o, Ìyá Aláwò."

"Ẹ káàsán, Káfíńtà. Kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Òun ni mo bá wá. Ìṣó kan ni mo gbé kalẹ̀, méjì ni mo rí. Mo yan ọ̀kan, mo là á mọ́lẹ̀. Èyí tí mo yàn yẹn, àtàǹpàkò mi ni."

Bàbá Onídígí rẹ́rìn-ín láti yàrá ẹ̀yìn. Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. Ó gba awò tí wọ́n ṣe fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó yẹ dígí rẹ̀ wò lábẹ́ ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ó mú ọkùnrin náà wọ yàrá òkùnkùn. Nígbà tí wọ́n jáde, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ojú òsì yín dára. Kò nílò nǹkan kan. Dígí lásán ló yẹ kó wà níbẹ̀."

"Ohun tí ẹ sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá gan-an nìyẹn."

"Bàbá Onídígí!"

Ọkùnrin náà jáde wá, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ni mo lọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó. Àbí kí n máa fi orí ara mi lọ̀ ọ́ ni?"

Wọ́n ṣí àkọsílẹ̀ náà. Nọ́ńbà wà fún ojú òsì lóòótọ́, nọ́ńbà ńlá.

Láti igun tí ó dúró sí, Kíámọ́sá tẹjú mọ́ ọn. Ó mọ nọ́ńbà yẹn. Ti ìyá arúgbó tó ṣíwájú káfíńtà wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n wọn ojú rẹ̀ ni. Àǹtí fi àpótí ojú òsì káfíńtà sílẹ̀ lófìfo, nítorí ojú náà dára. Ó ṣófo lójú Àǹtí ni. Ohun tí funfun bò nínú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi pamọ́.

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́," Àǹtí wí. "Ọwọ́ mi ló tẹ nọ́ńbà sí ojú tí kò ṣàìsàn. Ẹ má bínú, Káfíńtà. Ẹ̀bi mi ni."

"Kò tó bẹ́ẹ̀. Èèyàn ni yín. Àtàǹpàkò á jinná."

Nígbà tí ó lọ, Àǹtí jókòó sórí àga oníbàárà. Kíámọ́sá kò rí i kó jókòó síbẹ̀ rí.

"Ọdún méjìlélógún," ni ó wí. "Mi ò ṣe irú rẹ̀ rí."

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni," Bàbá Onídígí wí.

"Ẹ̀ẹ̀kan tí a mọ̀." Ó dìde, ó gbé pátákó "A ti tì" kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. "Mi ò wọn ojú ẹnikẹ́ni mọ́ títí wọn yóò fi yẹ ojú tèmi wò. Ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojú ẹlòmíràn."

Ó wá yíjú sí Kíámọ́sá. "Mú fọ́ọ̀mù rẹ wá, kí n fọwọ́ sí i kí n má baà gbàgbé. Ó kéré tán, iṣẹ́ tìrẹ kò lábùkù."

Kíámọ́sá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á padà. "Ẹ ṣé, mà," ni ó wí, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà ìsinmi, ó tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Tíṣà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Onímọ̀ràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Kíámọ́sá sọ gbogbo rẹ̀ fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ṣó ti fọwọ́ sí i?" Onímọ̀ràn bi í.

"Ó ti fọwọ́ sí i."

"Òun náà ló fẹnu ara rẹ̀ ní ẹ̀bi òun ni?"

"Ó ní kí wọ́n yẹ ojú òun wò."

"Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò! Wọ́n á ní ojú rẹ̀ dára, á padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ á tán. Ta lo pa? Sún síwájú jàre."

Kíámọ́sá sún síwájú. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ wọ̀ ọ́ létí. Ṣùgbọ́n ohun kan tí Àǹtí sọ kò jẹ́ kó gbádùn: ẹ̀ẹ̀kan tí a mọ̀. Àǹtí rò pé ọwọ́ òun ló ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀kan. Kíámọ́sá nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe àṣìṣe ọwọ́. Ẹnikẹ́ni tí ojú òsì rẹ̀ bá dára tó sì wọ ṣọ́ọ̀bù náà láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, irú awò yẹn ni yóò gbé jáde. Ó wá rántí obìnrin kan tó wá ní Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí, tó ń fọ́nnu pé ojú òsì òun bí ojú àṣá. Obìnrin náà ló ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ẹni mẹ́rin ló kù níwájú rẹ̀. Ó kúrò lórí ìlà.

"Ibo lò ń lọ?" Onímọ̀ràn pè é. "Kíámọ́sá! Wọ́n máa ti ọ́fíìsì o!"

Ó gba àyè ní ọ́fíìsì ilé ìwé, ó sì sáré títí dé ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí wà nídìí tábìlì, ó ń to awò tí kò nílò títò.

"Àǹtí, ojú yín kò ṣe nǹkan kan."

"Ìgbà wo lo di dókítà?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ tẹ nọ́ńbà yẹn. Ètò mi ló tẹ̀ ẹ́." Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: bí àpótí ojú òsì ṣe wà lọ́wọ́ òbí tí kì í ṣe tirẹ̀, bí nọ́ńbà ṣe ń ṣẹ́ kù síbẹ̀, bí òun ṣe fi funfun bò ó.

Bàbá Onídígí ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn. "A! O fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, o ń pa làpálàpá."

Àǹtí kò pariwo. "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ kejì."

"Àná ńkọ́, nígbà tí mo jókòó sórí àga yẹn?"

Kíámọ́sá wolẹ̀. "Mo mọ̀, mà."

Àǹtí fa páálí abẹ́ tábìlì jáde, ó sì da ìwé inú rẹ̀ sílẹ̀. "Ká wá gbogbo ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí."

Ìwé mẹ́tàlélógójì ló wà níbẹ̀. Àǹtí ń ka ìwé, Kíámọ́sá ń ka kọ̀ǹpútà. Ẹni mẹ́ta ni kò bára mu: káfíńtà, télọ̀ kan tí awò rẹ̀ ṣì wà nínú àpò lórí pẹpẹ, àti obìnrin awakọ̀. Ìyẹn ti gbé awò tirẹ̀ lọ láti Ọjọ́rú.

Àǹtí ti mú báàgì rẹ̀ kó tó ka orúkọ náà tán.

Ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí agogo ìjáde lù ní ilé ìwé àwọn ọmọ náà nígbà tí wọ́n débẹ̀. Obìnrin awakọ̀ ń gbálẹ̀ inú bọ́ọ̀sì, awò wà lórí irun rẹ̀. Ojú ibi tí bọ́ọ̀sì náà ti ha nǹkan ṣì ń dán lára ilẹ̀kùn.

"Ẹ má wọ̀ ọ́ mọ́!" Àǹtí ké láti ẹnu géètì.

"Kí ló dé?" Obìnrin náà yọ ọ́, ó wò ó. "Àbájọ! Lánàá, bí ògiri ṣe jìnnà sí mi tó kò yé mi, mo fi ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì ha á. Láàárọ̀ yìí, ọ̀nà ń jó lójú mi, mo bá gbé e sórí. Mo ní kò tíì mọ́ mi lára ni. Mo ti ní n ó tún gbìyànjú rẹ̀ wò bí mo bá ń kó wọn lọ sílé."

Nínú kíláàsì tó sún mọ́ wọn, àwọn ọmọ kéékèèké ń ka ònkà lóhùn rara. Kíámọ́sá di irin géètì mú.

"Èmi ni mo ṣe é," ni ó wí fún obìnrin náà. "Kì í ṣe Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dárí jì mí."

Obìnrin náà wo ọmọ, ó wo ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ, ó wá wo ẹnu ọ̀nà kíláàsì. "Ọmọ mọ́kàndínlógún ni mò ń kó," ni ó wí jẹ́jẹ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù, Àǹtí béèrè fọ́ọ̀mù náà, ó sì fa bírò la ìbuwọ́lù rẹ̀ kọjá. "Mo fọwọ́ sí ohun tí mi ò mọ̀. Ní báyìí mo ti mọ̀ ọ́n." Ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà. "Jókòó, kí o tún un ṣe."

Kíámọ́sá jókòó. Ó mú ìwé, ó ya àwòrán pátákó. Ó gbé ohun kọ̀ọ̀kan, ó béèrè pé ọmọ ta ni, kò sì kọjá sí èyí tó tẹ̀ lé e títí ó fi rí ìdáhùn. Ó fi ojú òsì sábẹ́ òbí tó ni ín. Nígbà tó gbójú sókè wo aago, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ti kọjá. Ìyẹn ni gbogbo iṣẹ́ tó ń sá fún láti ọjọ́ wọ̀nyí wá.

Àǹtí kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n tẹ ìwé mẹ́tàlélógójì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tó yẹ kó ṣófo ṣófo lóòótọ́. Ìgbà náà ló tó gbé pátákó ẹnu ilẹ̀kùn kúrò, ó sì pe oníbàárà tó ti ń yọjú láti ojú fèrèsé wọlé.

Lọ́jọ́ Ajé, Kíámọ́sá gbé fọ́ọ̀mù náà síwájú Tíṣà. Ìbuwọ́lù tí wọ́n là kọjá wà níbẹ̀. "Kò sí" tó kọ fún àléébù, òun fúnra rẹ̀ ti fagi lé e. Ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà, ó kún ojú ewé kan. Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Fọ́ọ̀mù tuntun," ni ó wí. "Ọjọ́ mẹ́wàá tuntun. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín lo máa bá jókòó sí ìdánwò àṣejáde."

"Ọdún kan, sà?"

"Ọdún kan. Kò sí ètò tí kò lábùkù. Ṣùgbọ́n àbùkù tí o bá kọ síbí nìkan ni mo lè bá ọ tún ṣe."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèdánwò, wọ́n yege, wọ́n lọ. Onímọ̀ràn náà lọ. Kíámọ́sá jókòó síbi tó wà, ó tún kíláàsì náà ṣe, ó sì dùn ún lójoojúmọ́. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi ọdún kan san. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá rántí ohùn àwọn ọmọ tó ń ka ònkà, ó mọ̀ pé ọdún kan kéré.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ ààbọ̀ ṣì lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bò ó mọ́lẹ̀ ti fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àbùkù tí a bò mọ́lẹ̀ kì í kú síbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ ló máa ń lọ bá.